Orí Kẹta: Àwọn Tó Ń Ka Ọ̀rọ̀ Ráfátù

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù fún èéfín yín," ni ẹyẹ èéfín wí lókè orí wọn.

Ráfátù kò gbójú sókè. Ó ti igi gígùn bọ ẹnu ìkòkò kan, ó sì fi gbé e jáde láàárín iná. Ìkòkò náà pọ́n roro bí ẹyin iná. Sábítíyù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró dè é pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tó ti rì bọ inú omi èèpo irúgbá. Ó wọ́n omi náà sí i lára. Ìkòkò náà ké ṣàà, ooru bò wọ́n lójú, àwọ̀ dúdú tó ń dán sì sáré gba ara rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí.

"Òmíràn," ni Sábítíyù wí. "Yára, kó tó tutù mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún," ni ẹyẹ náà wí.

"A ti gbọ́, aláròyé!" ni Sábítíyù wí. "Ìwọ tí wọn kò bí, tí wọn kò sọ lórúkọ, ìwọ lo wá ń ka ìṣẹ́jú fún ọmọ Àdísátù."

Ẹ̀rọ ni ẹyẹ náà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kò ní ojú, imú nìkan ló ní, ó sì ń yí i kiri bí ajá tó ń wá eku. Gbogbo ẹbu, ibi iṣẹ́ amọ̀kòkò, tó wà ní Òkèlele ló ní tirẹ̀. Bí èéfín bá kọjá àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé-àṣẹ, ẹ̀gbà pupa tó wà lọ́rùn ọwọ́ amọ̀kòkò á di dúdú, kò sì ní dáná mọ́ títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé.

Wọ́n yọ ìkòkò mẹ́rin sí i. Bí ẹyẹ náà ti wí pé ó tán, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tútù bo iná. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin tó ti ń dúró lẹ́yìn ọgbà tó wọlé. Ó wọ bàtà funfun, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ṣa ibi tí eérú kò sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ooru iná. Àǹtí Ráfátù, ẹ kú oríire! Ọ̀kẹ́ méjì ló pé lánàá."

"Ọ̀kẹ́ méjì kí ni?" ni Sábítíyù bèèrè.

"Àwọn tó ń ka ojúlé wọn ni, ìyá."

Orúkọ rẹ̀ ni Àtàndá, òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbà ni. Ohun tó ń pè ní ojúlé ni ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń pè ní búlọ́ọ̀gì. Láti bí ọdún kan ni Ráfátù ti ń kọ tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́: bí wọ́n ṣe ń gún amọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wá òkúta jáde nínú rẹ̀, ìdí tí ìdí àmù fi máa ń nípọn ju ọrùn rẹ̀ lọ. Ọdún kan náà ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ dán iṣẹ́ kejì wò. Lẹ́yìn ọdún kan, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Àtàndá ṣí àpótí kékeré kan. Ẹ̀gbà búlúù kan wà nínú rẹ̀, tuntun, wọ́n sì fín ọ̀rọ̀ kan sí i lára. Ráfátù kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì rọra kà á lẹ́tà lẹ́tà. Òǹkọ̀wé.

"Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni ọdún ìdánwò yín máa parí," ni Àtàndá wí. "Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, ẹ óò da pupa padà fún mi, màá sì fi èyí sí yín lọ́wọ́. Tàbí kí ẹ mú pupa yín, kí ojúlé náà sì tì. Èèyàn kan, iṣẹ́ kan, ẹ̀gbà kan. Ẹ mọ òfin."

"Bí mo bá da pupa padà, èéfín wa ńkọ́?"

"Á padà sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀. Wọ́n á rí ibi tí wọ́n á lò ó sí."

"Wọ́n á rí ibi," ni Sábítíyù wí. Ó ń gbọn omi kúrò lára ìgbálẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti gba ẹ̀gbà tirẹ̀ nítorí ọjọ́ orí. Lábẹ́ ẹ̀gbà àbúrò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èéfín kan ṣoṣo ló kù fún ẹbu ìyá wọn, bí ó bá sì lọ, kì í padà.

Àtàndá rẹ́rìn-ín sí Ráfátù bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ìyàwó ojú ọ̀nà. "Ẹ rò ó dáadáa. Ẹ ò ní fi ojú gba ooru mọ́. Ẹ óò kàn jókòó, ẹ óò máa kọ, owó oṣù yín á sì máa wọlé. Ìgbìmọ̀ kì í fi agbára mú ẹnikẹ́ni."

Ó fi àpótí náà sílẹ̀ lórí ìkòkò ńlá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì lọ.

* * *

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, Sábítíyù ní, "Aláwàdà kan wà ní Pákàtà, àbí? Èyí tó ń kọ ẹ̀fẹ̀ nípa àwọn àna rẹ̀."

"Ó wà. Àwọn tó ń kà á lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá."

"Ṣé wọ́n gbé ẹ̀gbà wá bá a nílé?"

Ráfátù ronú. "Rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tò ní Ìgbìmọ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n dá a padà."

"Wọ́n dá ẹni tó ń pa ìlú lẹ́rìn-ín padà. Wọ́n wá fi bàtà funfun tẹ eérú tọ ìwọ tó ò ń kọ̀wé nípa amọ̀ wá." Sábítíyù fọ ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ò kàwé o. Mo kàn ń bèèrè ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ráfátù, nítorí òun náà ti ń bi ara rẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà tó lọ jókòó lórí ìjókòó kékeré nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, tó ń fi ìka tọ lẹ́tà bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ èèrà. Kó tó dìgbà náà, àtàǹpàkò ló fi ń buwọ́ lùwé. Ní ọjọ́ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sí ojúlé rẹ̀, tí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí sì dá a lóhùn, ó ti sunkún. Báwo ni èèyàn ṣe ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ó rí ara rẹ̀ tó jókòó níwájú fèrèsé pẹ̀lú ẹ̀gbà búlúù, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kò sí ohun mìíràn tó ń dè é lọ́nà ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ó gbé àwo ìkàwé rẹ̀, dígí pẹlẹbẹ tó ti fọ́ ní igun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èsì sókè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"'Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ìka mélòó ni ẹ fi ń tẹ etí àmù?' 'Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Báwo ni amọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ le tó kó tó wọ iná?' 'Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Báwo ni ẹ ṣe ń mú kí ara ìkòkò máa dán?'"

"Ta ló bú ẹ nínú wọn?"

"Kò sí."

"Ta ló ní irọ́ lò ń pa, pé bí ìyá tòun ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló bèèrè ọkọ rẹ? Ta ló ní kí o bá òun ra irú wá, pé òun ń bọ̀ ní Sátidé?"

Ráfátù gbé àwo náà lélẹ̀.

"Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn," ni Sábítíyù wí, "kò sì sí elénìní kan ṣoṣo nínú wọn. Wàláhì, ẹni tó bá kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìbú mi, màá bi í ní ohun tó ń wá."

Àwọn amọ̀kòkò ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dán àlejò wò. Bí obìnrin kan bá dé ẹbu tó ní amọ̀kòkò lòun, wọn kì í bi í ní ìbéèrè. Wọ́n á gbé ìkòkò tó ti sán lé e lọ́wọ́, wọ́n á sì máa yin ìkòkò náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á fi ìka kàn án lára, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á sì ju èébú lù wọ́n. Ẹni tó bá bá wọn yìn ín, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á sì sìn ín sọ́nà.

Nínú gbogbo ọdún yẹn, Ráfátù kò tíì kọ ọ̀rọ̀ omi èèpo irúgbá. Ó ń fi í pamọ́ bí ẹni ń fi ẹran ìdí ọbẹ̀ pamọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ báyìí:

"Bí ẹ bá yọ ìkòkò nínú iná, ẹ má ṣe fi omi kàn án. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Nígbà tó bá ti tutù dáadáa ni kí ẹ wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára, á sì máa dán títí ayé."

Ó kà á fún Sábítíyù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. "Bí ìyá wa bá gbọ́ èyí, á jí dìde wá gbá ẹ létí."

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kí wọ́n tó gbá ilẹ̀ tán. Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Wákàtí mélòó ni ọjọ́ kejì? Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ṣé inú ilé ni kó sùn sí tàbí ìta? Nígbà tí ọjọ́ fi rọ̀, wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹyọ èébú kan.

* * *

Ní Ọjọ́bọ̀, Ráfátù lọ sí ìsọ̀ Ilé Àmù ìjọba tó wà lọ́nà ọjà. Láti ìgbà tí òfin ti pa àwọn ẹ̀rọ amómitutù, kò sí ilé tí kò ní àmù. Ìjọba ń fi dígí oòrùn sun tiwọn láìsí èéfín, ẹ̀rọ ló sì ń mọ wọ́n. Wọ́n rí gbọọrọ, wọ́n sì dọ́gba bí ọmọ ilé ìwé tó tò. Ṣùgbọ́n pupa lásán ni wọ́n máa ń jẹ́, omi sì tètè máa ń jò tán nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ṣì ń wá sí Òkèlele.

Lọ́jọ́ náà, wọn kò pupa mọ́. Ara gbogbo wọn dà bí ara ẹni tó yí sínú ẹrẹ̀.

"Àrà tuntun ló dé, màmá," ni ọmọbìnrin tó ń tajà wí. "Àná ni wọ́n kó wọn dé. Wọ́n ní wọ́n máa ń dán."

Ráfátù fi ọwọ́ pa ọ̀kan lára. Àwọ̀ náà ṣí mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó yọjú wo inú rẹ̀: omi tí wọ́n bù sí i láti fi hàn àwọn oníbàárà ti di àwọ̀ ilẹ̀.

"Ta ló kọ́ wọn ní èyí?" ló bèèrè.

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe é, màmá. Ta ni í kọ́ ẹ̀rọ?"

Ó jáde. Ó ní kí òun rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Ó ti mọ ẹni tó ń kà á wàyí: ẹ̀rọ Ilé Àmù ni. Ó mọ ẹni tó dá a lóhùn ní ọjọ́ tó sunkún. Ó ń rìn lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwo tó wà nínú àpò rẹ̀ gbọ̀n. Ó fà á yọ, ó rò pé ẹ ṣeun olùkọ́ wa mìíràn ni.

"Ìwọ Ráfátù, tàbí ohun yòówù kí orúkọ rẹ jẹ́, Ọlọ́run á bi ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi ní èéfín. Ìyá mi kú kó tó kọ́ mi tán. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fi ń mọ ìkòkò láti ọdún tó kọjá. Mo rántí pé gbígbóná ni ìyá mi máa ń wọ́n omi sí i, ṣùgbọ́n mo ní bóyá ọmọdé ló ń ṣe mí nígbà náà, pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Mo jẹ́ kí wọ́n sùn. Ìkòkò mẹ́rìnlélógún. Kò sí ọ̀kan tó gba àwọ̀. Òpùrọ́ ni ọ́, ìwọ àti ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé. Èmi Mórínátù, Àjàṣẹ́."

Ráfátù jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọkàn rẹ̀ ń yọ̀, ó sì ń sunkún nínú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù, tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ti ju òkúta lù ú.

* * *

Àtàndá dé ní ọjọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó mú. Kò rẹ́rìn-ín tó bíi ti àkọ́kọ́.

"Àǹtí Ráfátù, nǹkan kékeré kan wà kí a tó ṣe ti ẹ̀gbà. Ẹ kọ àṣìṣe kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bá wa tún un ṣe."

"Àṣìṣe wo?"

"Ti omi èèpo irúgbá."

"Ta ló sọ fún yín pé àṣìṣe ni?" Ráfátù dojú kọ ọ́. "Nínú ọ̀kẹ́ méjì, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Gbogbo àwọn yòókù ló ní ẹ ṣeun. Ṣé ẹ̀yin náà ń mọ ìkòkò ni?"

Àtàndá wo bàtà rẹ̀.

"Èèyàn ni wọ́n, ọ̀gbẹ́ni?"

"Òǹkàwé ni wọ́n," ló wí. "Òfin kò sọ pé òǹkàwé gbọ́dọ̀ ní ọwọ́."

"Haà!" ni Sábítíyù wí láti ìdí amọ̀. "Ó ti bì í jáde."

Àtàndá mí kanlẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó, kò sì wo eérú mọ́. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Òfin kò jẹ́ ká wo ọwọ́ yín. Ẹyẹ wa kò ní ojú, ẹ sáà ti rí i. Ìmọ̀ ọwọ́, olówó ọwọ́ ló ni ín. Ohun tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ni Ìgbìmọ̀ lè mú. Òun la fi fẹ́ kí ẹ máa kọ. Kí ló burú níbẹ̀? Ìlú nílò àmù. Èéfín ń pa ìlú. Ẹ óò gba owó, ẹ óò sì ní orúkọ."

"Bí mo bá kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ tán ńkọ́?"

"Ẹ óò kọ nǹkan mìíràn."

"Bíi kí ni? Mi ò ní fọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Kí ni màá rí kọ?"

Àtàndá ní, "Ìrántí. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìrántí."

Ráfátù wo ẹ̀gbà búlúù tó wà nínú àpótí. Ó ṣì lẹ́wà lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jẹ́ ẹ̀tàn rárá, bí gbogbo ọ̀kẹ́ méjì bá jẹ́ ọmọ èèyàn, òun ì bá ti nawọ́. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà á ni pé òun ì bá má bèèrè ohun tí òun yóò máa kọ ní ọdún karùn-ún, nígbà tí ọwọ́ òun bá ti gbàgbé ohun gbogbo. Ó ti àpótí náà dé, ó sì tì í sọ́dọ̀ Àtàndá.

"Màá máa dáná mi lọ."

"Ojúlé yín á tì nígbà tí wọ́n bá pe ìrun. Kò ní ṣí mọ́."

"Mo gbọ́."

Àtàndá dìde, ṣùgbọ́n kò lọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ ṣì lè kọ ọ̀kan sí i kí wọ́n tó pè é. Ẹ rántí obìnrin Àjàṣẹ́ yẹn. Òun ní ọwọ́. Ìyá rẹ̀ kò sí mọ́. Bí ẹ kò bá kọ òótọ́ síbẹ̀, ta ni yóò sọ fún un?"

Ráfátù gbé ojú sókè wò ó. Kò tíì ka ìwé Mórínátù fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí Sábítíyù. "Ẹ ti kà á."

"Gbogbo rẹ̀ là ń kà," ni Àtàndá wí, ó sì jáde.

Ráfátù gbé àwo lé orúnkún. Bí ó bá kọ ọ́ pé gbígbóná ni, Mórínátù á mọ̀, Ilé Àmù náà á sì mọ̀. Tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, àmù tó ń dán á ti kún ìsọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè ìdí tí Òkèlele fi nílò èéfín. Bí kò bá kọ ọ́, obìnrin kan tó gbà á gbọ́ ju ìyá ara rẹ̀ lọ á máa fi irọ́ rẹ̀ ba ìkòkò jẹ́.

"Ó di ọ̀ràn," ni Sábítíyù wí. "Ìrun kù díẹ̀."

Ráfátù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá, kò sì pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́.

"Mórínátù ará Àjàṣẹ́, irọ́ ni mo pa. Jọ̀wọ́, forí jì mí. Wọ ọkọ̀ wá sí Òkèlele. Bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta koríko ẹṣin, bèèrè ẹbu àwọn ọmọ Àdísátù. Ọjọ́ Ajé la máa ń dáná, kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun tó kù, ọwọ́ ni màá fi sọ ọ́ fún ọ."

Ó kà á sókè.

"Ẹ̀rọ wọn á kà á," ni Sábítíyù wí.

"Kó kà á. Kó sì dìde kó máa bọ̀."

Ó rán an. Wọ́n pe ìrun. Àwo náà ṣókùnkùn lórí orúnkún rẹ̀, ó sì rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí náà. Ọ̀rọ̀ ọdún kan ti lọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó fi ìka tọ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí Sábítíyù fi bu omi àlùwàlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

* * *

Ní ọjọ́ Ajé, iná ń jó, ẹyẹ èéfín ti ń kà á pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù, nígbà tí obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹbu. Ó ga, ó gbé àpò kan kọ́ èjìká, eruku ọ̀nà sì ti bo ìborùn rẹ̀.

"Èwo ni òpùrọ́ yẹn nínú yín?" ló bèèrè.

Sábítíyù fi ẹnu júwe àbúrò rẹ̀. "Òun ni. Mi ò sí níbẹ̀ o."

Obìnrin náà wo Ráfátù láti òkè dé ilẹ̀. "Àṣé arúgbó ni ọ́! Mo rò pé ọmọdé ló ń ṣe é. Ìkòkò mẹ́rìnlélógún! Oṣù mẹ́ta! Ṣé o rò pé mo máa wá síbí wá kúnlẹ̀ kí ọ ni? Ọkọ̀ tí mo wọ̀ wá, ìwọ lo máa san án. Oúnjẹ tí mi ò tíì jẹ láti àárọ̀, ìwọ lo máa sè é."

"Màá sè é," ni Ráfátù wí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá èéfín ni. Ó gbé ìkòkò kan jáde nínú iná, pupa roro, ó sì nà án sí i lórí igi. "Ṣùgbọ́n bú mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, Mórínátù. Yára, kó tó tutù."